Ẹ Ti Pààrọ̀ Sàlẹ́ńsà ATV Yín: Ọ̀nà Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Gbà Tún Kábúrétọ̀ Rẹ̀ Ṣe?

Ẹ ti tú sàlẹ́ńsà tó bá ATV yín, ìyẹn ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, wá kúrò, ẹ ti de tuntun mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì ti ki sí i. Ẹ gùn ún jáde. Bí ẹ ṣe jọ̀wọ́ tọ́tù, ìyẹn irin kékeré tí àtàǹpàkò ń tẹ̀, ni sàlẹ́ńsà bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn: pà, pà-pà. Ẹ dúró, ẹ́ńjìnnì kò tètè sọ̀ kalẹ̀ sí sílò, ìyẹn eré pẹ̀lẹ́ tó ń sá nígbà tí ẹ kò tẹ tọ́tù. Ó ń sáré lókè fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó balẹ̀. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ dé òpin lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, agbára tí ẹ ń retí kò jáde. Ebi epo ló ń pa á.

Kábúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, kò mọ̀ pé ẹ pààrọ̀ ohunkóhun. Ihò tí wọ́n lu sínú idẹ ló fi ń wọn epo, ihò yẹn kò sì lè fẹ̀ sí i fúnra rẹ̀. Sàlẹ́ńsà tuntun ń jẹ́ kí èéfín tètè jáde, afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú sílíńdà ń pọ̀ sí i, epo kò sì bá a pọ̀ tó. Ju ìyẹn lọ, àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì ti dín epo kù láti ilé kí ẹ̀rọ lè bá òfin èéfín mu. Ẹni tó ń jẹun ní ìwọ̀nba ni ẹ wá fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún.

Nọ́ńbà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nìyí. Kí epo tó jó tán porogodo, kìlò 14.7 afẹ́fẹ́ ló ń bá kìlò epo kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù dé òpin, ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ epo ju bẹ́ẹ̀ lọ: nǹkan bí 12.5 sí 13 ni agbára rẹ̀ ti ń jáde jù lọ. Epo tó lé yẹn tún ń tu inú sílíńdà lára. Tí kò bá sí, ooru á gun orí písítìnì, ẹni tó sì ti rí písítìnì tí ihò wà ní àárín orí rẹ̀ rí kò ní fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ẹ tó ka síwájú, ẹ rí i dájú pé kábúrétọ̀ ni ẹ̀rọ yín ń lò. Raptor 700 ti Yamaha ti ń lo ẹ̀rọ tó ń fín epo láti ọdún 2006, LT-Z400 ti Suzuki sì bọ́ sí i ní 2009. Kọ̀ǹpútà kékeré ni wọ́n fi ń tún tiwọn ṣe, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwọn.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ọ̀nà mẹ́fà ló wà níwájú ẹni tó wà nípò yìí: kí ó yí síkúrù nìkan, kí ó ra jẹ́ẹ̀tì (idẹ oníhò tó ń wọn epo) lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó ra kíìtì (àkójọ jẹ́ẹ̀tì àti abẹ́rẹ́ nínú páálí), kí ó so òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ àti epo mọ́ sàlẹ́ńsà, kí ó gbé e lọ sórí dáínò (ẹ̀rọ onírólà tó ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì), tàbí kí ó ra kábúrétọ̀ tuntun. Owó nìkan kọ́ ni mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni bí ẹ ṣe ṣí ọ̀nà mímí ẹ̀rọ náà tó. Ẹni tó pààrọ̀ ìdí sàlẹ́ńsà nìkan, tó fi páìpù tó ti ẹ́ńjìnnì jáde sílẹ̀ bó ṣe wà, kò ṣe tó ẹni tó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó tún wá ṣí ìdérí àpótí fílítà afẹ́fẹ́ ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn méjèèjì. Lójú mi, ìdérí àpótí yẹn ń dá ebi epo sílẹ̀ ju sàlẹ́ńsà fúnra rẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn kì í sì í kà á sí àtúnṣe rárá. Àwọ̀n tó ń gba ẹta iná nínú sàlẹ́ńsà tuntun náà wà níbẹ̀: ẹ pinnu bóyá ẹ ó fi sílẹ̀ tàbí ẹ ó yọ ọ́ kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe. Tí ẹ bá yọ ọ́ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ibi tí òfin bá ti ní kí ó wà, ẹ fi í sílẹ̀.

Èkejì ni irú kábúrétọ̀ yín. Ẹ ṣí ìdérí orí rẹ̀. Tí ẹ bá bá awọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbẹ̀ tí síláìdì (ohun tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ láti ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́) so mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, agbára ìfàmu ẹ́ńjìnnì ló ń gbé síláìdì yẹn sókè, kì í ṣe ọwọ́ yín. Irú Mikuni BSR36 tó wà lórí LT-Z400 ìgbà kábúrétọ̀ nìyẹn, tàbí BSR33 méjì tó wà lórí Raptor 660. Tí okùn tọ́tù bá ń fa síláìdì tààrà, irú kejì nìyẹn, bíi Keihin FCR 39 orí YFZ450 tàbí Mikuni 26 méjì orí Banshee. Èyí ṣe pàtàkì torí pé ohun tó ń yá lára ọ̀kan lè má yá lára èkejì.

Lẹ́yìn náà ni mo ń wò bóyá ọ̀nà náà ń sọ òótọ́ fún ẹni tó ń lò ó, bóyá ó ṣeé dá padà tí nǹkan bá yí, iye tó ń ná ènìyàn lówó àti lákòókò, àti bí ibi tí ẹ ń gùn ún ṣe rí. Afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fún gbogbo mítà 300 tí ẹ bá gùn sókè. Òwúrọ̀ tí ooru jẹ́ ìwọ̀n 10 àti ọ̀sán tó jẹ́ 35 yàtọ̀ síra ní ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó ń gbé lórí òkè fún yín kì í ṣe tiyín, bó ti wù kí ẹ̀rọ yín jọra tó.

Kí ẹ tó náwó sórí ohunkóhun

Ìgbà kan wà tí mo pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́ méjì lórí ẹ̀rọ kan tó ń yìnbọn, tí kò yé yìnbọn. Ní ọjọ́ kẹta ni mo fi ọwọ́ kan ibi tí páìpù ti wọ orí ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó ṣì tutù, mo sì rí i pé èéfín ti ya àmì dúdú bí ìrù ológbò sára irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáásíkẹ́ẹ̀tì. Gáásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí mo tún lò ni kò dí i mọ́. Afẹ́fẹ́ ń ti ibẹ̀ wọ inú páìpù, epo tí kò jó ń bá a pàdé níbẹ̀, ó sì ń bú gbàù. Kò sí jẹ́ẹ̀tì tó lè wo ìyẹn sàn.

Nítorí náà, gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú páìpù. Ẹ wo rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti sán. Ẹ fọ fílítà, kí ẹ fi ọ́ìlì rẹ̀ sí i. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Orí àwọn síkúrù abọ́ epo jọ ti àgbélébùú tí gbogbo ènìyàn mọ̀, àmọ́ ìlànà Japan tí wọ́n ń pè ní JIS ni. Tí ẹ bá fi irin ìtúsíkúrù lásán tì í, á họ orí rẹ̀ dànù. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù kí ẹ tó ṣí abọ́ epo, kí iná má sì sí nítòsí. Èéfín ẹ́ńjìnnì nínú ilé tí a tì ń pa ènìyàn láìjẹ́ kí ó fura.

Síkúrù nìkan

Ọ̀nà yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, òun ló sì ń tan ènìyàn jù.

Síkúrù kékeré kan wà lára kábúrétọ̀ tó ń pín epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní sílò. Tí ó bá wà láàárín síláìdì àti ẹ́ńjìnnì, epo ló ń ṣí: tí ẹ bá yí i jáde, epo á pọ̀ sí i. Tí ó bá wà ní apá fílítà, afẹ́fẹ́ ló ń ṣí, yíyí i jáde á sì dín epo kù. Ẹ mọ èyí tí tiyín jẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lára ẹ̀rọ púpọ̀, wọ́n fi idẹ pélébé kan dí ojú ihò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà yí i.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ pa á. Ẹ yí síkúrù náà wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí á fi kan ìsàlẹ̀, ẹ ka iye yípo rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dá a padà síbẹ̀. Ẹ ṣáná sí i, ẹ máa yí i ní ìdá mẹ́rin yípo kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí ohùn sílò á fi ga jù, tí á sì dún já geere, lẹ́yìn náà kí ẹ fi síkúrù sílò sọ ọ́ kalẹ̀. Tí síkúrù epo bá jáde ju yípo mẹ́ta lọ kí ó tó dáa, jẹ́ẹ̀tì sílò ti kéré jù. Tí kò bá tó yípo kan, ó ti tóbi jù. Ti síkúrù afẹ́fẹ́ jẹ́ òdìkejì èyí. Tí ẹ bá yọ síkúrù náà tán pátápátá, sípíríìnì, wáṣà wẹ́wẹ́ àti rọ́bà róbótó kan tí kò ju orí ìṣáná lọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Rọ́bà yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ inú ihò, tí ènìyàn á rò pé kò sí nǹkankan níbẹ̀ mọ́. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó.

Ibi tí ẹ̀tàn ti wọlé ni pé síkúrù yìí kò kọjá ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ lórí tọ́tù. Ó lè pa ìbọn yẹn mọ́, kí sílò dùn ún gbọ́, kí ẹ sì gùn ún jáde pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, síbẹ̀ kí ebi ṣì wà lókè níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Mo fọwọ́ sí ọ̀nà yìí fún ẹni tó pààrọ̀ ìdí sàlẹ́ńsà nìkan, tí kò ṣí àpótí fílítà, tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì ti jẹ́rìí pé epo tó lẹ́yìn tó tẹ tọ́tù dé òpin (àyẹ̀wò rẹ̀ wà níwájú). Ẹni tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò tíì jẹ́rìí, kó má dúró síbí.

Jẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, ẹ ó sì rí i pé mo pẹ́ lórí rẹ̀.

Jẹ́ẹ̀tì jẹ́ idẹ kékeré tó níhò ní àárín, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Iye rẹ̀ kò jìnnà sí ti púlọ́ọ̀gì. Ẹ máa ra mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀ léra lórí nọ́ńbà tó wà nínú kábúrétọ̀ yín báyìí, pẹ̀lú jẹ́ẹ̀tì sílò kan tó fi ìpele kan ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ ra ojúlówó ilé iṣẹ́ tó ṣe kábúrétọ̀ náà, torí nọ́ńbà wọn kì í ṣe èdè kan náà. Keihin ń ka bí ihò ṣe fẹ̀. Mikuni onígun mẹ́fà ń ka iye epo tó ń ṣàn kọjá. 150 ọ̀dọ̀ ti ibí kì í ṣe 150 ọ̀dọ̀ ti ọ̀hún. Nọ́ńbà tó sì dà bíi pé kò yàtọ̀ púpọ̀ lè yàtọ̀: láti 140 sí 145 lọ́dọ̀ Keihin, ihò náà fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i.

Ohun mẹ́ta ló ń pín epo, oníkálukú sì ní ibi tirẹ̀ lórí tọ́tù. Jẹ́ẹ̀tì sílò àti síkúrù rẹ̀ ló ni ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìdá mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ tó rọ̀ sísàlẹ̀ lára síláìdì ló ni àárín, láti ìdá mẹ́rin dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Jẹ́ẹ̀tì ńlá ló ni òkè. Wọ́n ń wọ inú ara wọn díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá mọ ibi tí ìṣòro ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ kò ní mọ èyí tí ẹ máa pààrọ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń lẹ téèpù funfun mọ́ ilé tọ́tù, mo ń fi bírò fa ìlà sí i níbi ìdá mẹ́rin, ìlàjì, àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, mo tún fa ìlà kan sára irin tí àtàǹpàkò ń tẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá gbọ̀n tàbí tí ó fà sẹ́yìn, mo wo ìlà tí mo wà. Ní ọ̀nà mélòó kan, téèpù yìí ti tú àṣírí ohun tí etí lásán kò lè mọ̀. Lára kábúrétọ̀ onírọ́bà, ẹ rántí pé síláìdì lè máà tíì dé ibi tí àtàǹpàkò yín wà. Ẹ di tọ́tù mú lójú kan fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó dájọ́.

Láti òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi jẹ́ẹ̀tì ńlá tó tóbi jù nínú èyí tí ẹ rà sí i. Ẹ fẹ́ kí epo pọ̀ jù ní àkọ́kọ́, kí ẹ máa dín in kù bọ̀. Ayo epo á mú kí ẹ̀rọ wúwo, kó máa wúkọ́ bí ẹni tí omi há sí lọ́fun, kí èéfín dúdú sì máa jáde. Púlọ́ọ̀gì nìyẹn lè bàjẹ́. Ebi epo, ẹ́ńjìnnì ló ń bàjẹ́. Èmi kò gbà fún ẹni tó ní òun á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Àyẹ̀wò púlọ́ọ̀gì ló ń sọ òkodoro. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná. Ẹ lọ sí ọ̀nà gígùn tó dá, ẹ tẹ tọ́tù dé òpin ní jíà tó ga, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Láìjọ̀wọ́ tọ́tù, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fa kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ mọ́ ọn tí ẹ̀rọ yín bá ní in. Ẹ jẹ́ kí ó yí lọ títí á fi dúró. Tí ẹ bá jẹ́ kí ó wá sí sílò kí ẹ tó pa á, àwọ̀ sílò ni ẹ ó rí. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì náà, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú lọ́hùn-ún, kì í ṣe ṣóńṣó orí tánganran funfun náà, bí kò ṣe ìdí rẹ̀ níbi tó ti wọ inú irin. Òrùka dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan yẹ kó wà níbẹ̀. Tí tánganran bá funfun kanlẹ̀ láti òkè dé ìdí, bí ẹfun, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ fi jẹ́ẹ̀tì tó tóbi sí i sí i. Tí ó bá dúdú fẹ́ẹ́ bí ìdí ìkòkò, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kan. Púlọ́ọ̀gì tí epo òde òní ń jó lára rẹ̀ kì í tètè pọ́n bíi ti àtijọ́, nítorí náà ẹ má retí àwọ̀ búráùn tó lẹ́wà lẹ́yìn ìrìn kan ṣoṣo.

Jẹ́ẹ̀tì ńlá kọ́kọ́, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́. Ojú ihò mélòó kan máa ń wà lára abẹ́rẹ́ tí kílíìpù kékeré kan ń há sí. Tí ẹ bá gbé kílíìpù wá sísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ á ga sókè, epo á pọ̀ sí i ní àárín tọ́tù. Tí tiyín bá jẹ́ irú tí ilé iṣẹ́ kò gé ojú kankan sí lára, wáṣà pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ kan lábẹ́ orí abẹ́rẹ́ á ṣe iṣẹ́ kan náà. Síkúrù sílò ló kẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bí ojú ọjọ́ ṣe rí.

Àléébù rẹ̀? Àkókò. Lára àwọn ATV mìíràn, ẹ máa tú ìjókòó àti àpótí fílítà kí ọwọ́ tó dé ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀. Ọ̀sán kan gbáko lè lọ sí i, ẹni tí kò ní sùúrù á sì dúró ní àbọ̀. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ ṣeé dá padà: ẹ kó jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára.

Kíìtì

Ilé iṣẹ́ bíi Dynojet ti kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí kan: jẹ́ẹ̀tì mélòó kan, abẹ́rẹ́ tí wọ́n tún fọ̀nà rẹ̀ ṣe tó sì lójú kílíìpù, nígbà mìíràn sípíríìnì síláìdì, ìlurin tí ẹ ó fi yọ idẹ tó dí síkúrù, àti ìwé tó sọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń pín in sí ìpele gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣí ẹ̀rọ náà tó. Owó rẹ̀ ju ti jẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lọ ní ìlọ́po bíi mélòó kan.

Lára kábúrétọ̀ onírọ́bà ni owó yẹn ti ní ìdí. Abẹ́rẹ́ tó bá irú kábúrétọ̀ yẹn wá sábà máa ń jẹ́ kí àárín tọ́tù gbẹ, wáṣà kò sì lè tún bí abẹ́rẹ́ ṣe tínrín sí ṣe. Gíga rẹ̀ nìkan ló lè yí. Abẹ́rẹ́ inú kíìtì ló ń tún ìyẹn ṣe, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ bá ń jáde láti kọ́nà. Lára kábúrétọ̀ tí okùn ń fà tààrà, mi ò rí ìdí púpọ̀ fún un: abẹ́rẹ́ yín ti lójú kílíìpù tẹ́lẹ̀, jẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì inú kíìtì kì í bá ti Mikuni tàbí Keihin dọ́gba, nítorí náà tí ẹ bá ti bọ́ sí i, inú ìdílé yẹn ni ẹ ó máa ra jẹ́ẹ̀tì sí. Èkejì, àwọn kíìtì kan ní kí ẹ lu ihò ìfàmu tó wà nísàlẹ̀ síláìdì kí ó lè tètè gbéra. Ihò tí ẹ bá ti lù kò ṣeé dí mọ́. Tí ẹ bá ń gbèrò àtita ẹ̀rọ náà pẹ̀lú sàlẹ́ńsà àtijọ́ rẹ̀, ẹ fo ìgbésẹ̀ yẹn. Ìwé inú kíìtì sì jẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni o. Àyẹ̀wò púlọ́ọ̀gì kò yẹ̀ lórí ẹnikẹ́ni.

Òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ àti epo

Wọ́n á jó irin róbótó kan mọ́ páìpù, ẹ ó dè sẹ́ńsọ̀ sínú rẹ̀, bíi Bosch LSU 4.9, nọ́ńbà á sì máa hàn níwájú yín bí ẹ ti ń lọ. Ẹ ó rí 12.8 tàbí 14.5 pẹ̀lú ojú ara yín, ní ìlà tọ́tù tí ẹ wà. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó ń sọ òtítọ́ tó báyìí nínú ìrìn gan-an. Owó rẹ̀ ga ju kíìtì lọ, ẹ sì nílò bátìrì tó lágbára àti ọwọ́ tó mọ irin jó.

Sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú tó wà lára ọkọ̀ àtijọ́ kò wúlò fún èyí, àyíká 14.7 nìkan ló ti ń ríran, ẹ̀yin sì ń wá 13. Ẹ de sẹ́ńsọ̀ náà sí apá òkè páìpù kí omi má baà dúró nínú rẹ̀. Tí èéfín bá ń jò níbi kan ṣáájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ òde á wọlé, òṣùwọ̀n á máa pariwo ebi níbi tí ebi kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí páìpù bá kúrú tí ẹ sì wà ní sílò. Ọ́ìlì tí a pò mọ́ epo nínú ẹ́ńjìnnì tú-sítíróòkì ń gé ẹ̀mí sẹ́ńsọ̀ kúrú, nítorí náà mi ò ní kí onítú-sítíróòkì fi owó rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ rántí pé òṣùwọ̀n kì í tún nǹkan ṣe. Ẹ ṣì máa ra jẹ́ẹ̀tì.

Dáínò

Ẹ gbé ẹ̀rọ lé orí rólà, ẹni tó mọṣẹ́ á fi òṣùwọ̀n sí i, á sì fi jẹ́ẹ̀tì inú dúrọ́à rẹ̀ tún un ṣe níwájú yín. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dáa, wákàtí díẹ̀ ló máa gbà. Mo gbóríyìn fún ọ̀nà yìí, àmọ́ ẹ béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san owó: ṣé yóò wo ìlàjì tọ́tù pẹ̀lú, àbí òpin nìkan? Ìwé tó ń fi agbára tó ga jù hàn lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n láàárín igbó àti ẹrẹ̀, ìdá mẹ́rin sí ìlàjì tọ́tù ni ẹ máa lò jù. Tí ibi tí ẹ ń gùn ún bá sì ga ju ibi tí dáínò wà lọ dáadáa, ẹ sọ fún un.

Kábúrétọ̀ tuntun

Fún sàlẹ́ńsà nìkan, rárá. Kábúrétọ̀ olówó ńlá bíi FCR dára gan-an, ó ní pọ́ńpù kékeré tó ń fín epo nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù lójijì, ẹ̀rọ á sì dáhùn lọ́gán. Àmọ́ jẹ́ẹ̀tì òun náà ṣì nílò àtúnṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà owó ni ẹ fi kún iṣẹ́. Ẹni tó ti tú ẹ́ńjìnnì, tó fi písítìnì tó tóbi àti kámù tuntun sí i, ìyẹn ni mo lè bá sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ti àwọn àdàkọ tí wọ́n ń tà ní owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti jẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ihò inú wọn kì í sábà bá nọ́ńbà ara wọn mu. Kábúrétọ̀ àtijọ́ tó mọ́ sàn jù wọ́n lọ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ta ni kó mú èwo

Tí ìdí sàlẹ́ńsà nìkan ni ẹ pààrọ̀, tí àpótí fílítà ṣì wà bó ṣe wà, ẹ fi síkúrù bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ṣe àyẹ̀wò púlọ́ọ̀gì kan, kí ẹ sì ní jẹ́ẹ̀tì ńlá ìpele kan tàbí méjì nílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá pààrọ̀ gbogbo páìpù, tí okùn sì ń fa síláìdì yín tààrà, jẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Tí kábúrétọ̀ yín bá jẹ́ onírọ́bà, tí ẹ sì ti ṣí ìdérí àpótí fílítà, ẹ ra kíìtì. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ni ẹ ń san owó fún. Òṣùwọ̀n wà fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè kúrò lára ẹ̀rọ, tó ń yí nǹkan padà lóṣooṣù, tàbí tó ń gbé ẹ̀rọ láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ sórí òkè. Ẹni tí kò ní àkókò, tàbí tó ń sá eré ìdíje, kó wá dáínò.

Àwọn tó ń gun Banshee tàbí tú-sítíróòkì mìíràn ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn jù, torí ọ́ìlì tó ń tọ́jú písítìnì wọn ń bá epo rìn: níbi tí epo bá ti dín, ọ́ìlì náà dín nìyẹn. Jẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan ni tiyín, nọ́ńbà kan náà nínú kábúrétọ̀ méjèèjì, láti ibi ayo wá sísàlẹ̀, ìpele kan lẹ́ẹ̀kan. Púlọ́ọ̀gì méjèèjì ni kí ẹ máa tú wò. Títí tí òrùka dúdú yẹn yóò fi hàn nídìí tánganran àwọn méjèèjì, ẹ má ṣe di tọ́tù mú ní òpin ju bí àyẹ̀wò ṣe ń fẹ́ lọ.